Àpò Sìmẹ́ǹtì Mélòó Ni Ilẹ̀ Mi?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, mo ta ààbọ̀ pùlọ́ọ̀tì kan tí mo ní lẹ́yìn Mọníyà, ní apá àríwá ìlú Ìbàdàn, ní 900,000 náírà. Ọdún 2009 ni mo ti ra ilẹ̀ náà ní 180,000, nígbà tí ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ kò fẹ̀ ju ojú ẹsẹ̀ lọ, tí ọlọ́kadà tó gbé mi débẹ̀ sì ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lè la ẹrọ̀fọ̀ kọjá. Nígbà tí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́ pé mo ti gba owó náà, wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n ní owó mi ti di ìlọ́po márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ sọ pé kí oṣù tó parí, òun yóò yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa kí òun náà lè ra tòun.

Mo dúpẹ́, mo sì ra mínírà fún wọn. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo mú ìwé àkọsílẹ̀ tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo ra ilẹ̀, mo sì ṣe ìṣirò kan tí bàbá mi kọ́ mi. Bíríkìlà ni bàbá mi, kì í sì í fi náírà díwọ̀n ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ ilé. Àpò sìmẹ́ǹtì ló fi ń díwọ̀n gbogbo rẹ̀. Ní 2009, 1,800 náírà ni mo kọ sílẹ̀ pé wọ́n ń ta àpò kan ní àdúgbò wa, èyí tó fi hàn pé 100 àpò ni mo kó lélẹ̀ láti fi ra ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ tí mo tà á, 4,500 ni àpò kan, nítorí náà 200 àpò ni mo kó bọ̀. Ìlọ́po méjì ni, kì í ṣe ìlọ́po márùn-ún, ọdún mẹ́tàlá gbáko ló sì gbà. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Houston fi dọ́là ṣe tirẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí mo rà á, dọ́là kan kò jìnnà sí 150 náírà. Nígbà tí mo tà á, ó ti tó nǹkan bí 600 lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní ìgboro. Dọ́là 1,200 ló wọlé, 1,500 ló jáde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èrè 300 dọ́là yìí lẹ fi ọdún mẹ́tàlá dúró dè?" Mo ní kó lọ sùn.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń polówó ilẹ̀ kò ní fẹ́ràn irú ìṣirò yìí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ilẹ̀ kì í já ènìyàn kulẹ̀, n kò sì sọ pé irọ́ pátápátá ni, nítorí pé ká ní inú báǹkì ni mo fi 180,000 yẹn sí láti 2009, kò ní tó nǹkan mọ́ nígbà tí yóò fi di 2022. Bóyá mi ò bá tilẹ̀ ti ná an tán kí ọdún kejì tó yí po, nítorí pé owó tó wà ní ìtòsí máa ń gbọ́ nígbà tí àwọn ẹbí bá ń ké. Ohun tí mo ń sọ ni pé iye tí ilẹ̀ ń pè kò tíì di owó títí di ọjọ́ tí ẹnìkan bá kà á sí ọ lọ́wọ́, àti pé láàárín ọjọ́ tí o rà á sí ọjọ́ náà, àwọn ẹnu tó ń jẹ nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tó ni ín lọ.

Ẹ wo ti Mọníyà yẹn. Alágbàtà gba 18,000, lọ́yà tó kọ àgírímẹ́ǹtì gba 15,000, awọnlẹ̀ tó wọn ilẹ̀ tó sì rì òpó sìmẹ́ǹtì kéékèèké mẹ́rin mọ́ igun rẹ̀ gba 35,000. Ọdọọdún ni mo ń san owó fún àwọn tó ń ro ó, nítorí pé ilẹ̀ tí kò bá ní ẹni tó ń dá oko sí i kì í pẹ́ di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ kó iyanrìn dà síbẹ̀. Nígbà tí mo ṣírò owó ríro náà pọ̀ fún gbogbo ọdún, 52,000 ni. Ní ọdún kan tí mo fẹ́ gbé búlọ́ọ̀kù ìlà mẹ́ta yí i ká, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò jókòó lórí iyanrìn mi títí mo fi fún wọn ní 30,000. Lápapọ̀, ilẹ̀ 180,000 ti di ilẹ̀ 330,000 kí n tó rí ẹni tó béèrè iye tí mo fẹ́ tà á. Kò sí èyí tó wà nínú ìṣirò ìlọ́po márùn-ún tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe.

Síbẹ̀, ilẹ̀ Mọníyà ni èyí tó dára jù nínú gbogbo ohun tí mo fi owó sí, ìdí rẹ̀ sì ni ọ̀nà tí a gbà rà á. Inú ilé mọ́gàjí, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ náà, ni a ti kọ rìsíìtì. Ìdí-igi mẹ́ta, ìyẹn àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, ni ẹbí náà pín sí, aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀, àga kò tó, àwọn kan jókòó sórí ẹní. Akọ̀wé ẹbí, bàbá kan tó ti fi okùn so apá kan awò ojú rẹ̀, ṣí ìwé rìsíìtì, ó gbé bírò sókè, ó ní, "Màmá, kí ni orúkọ bàbá?" Mo dárúkọ bàbá tó bí mi. Ó ní rárá o, ọkọ mi ni òun ń wí. Mo ní ọkọ mi kò mọ̀ pé mo wà níbí, àti pé owó àjẹṣẹ́kù tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi ni mo kó wá. Gbogbo ilé dákẹ́. Mọ́gàjí fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kọ orúkọ tíṣà síbẹ̀ jàre, àbí òǹkà owó obìnrin yàtọ̀ ni?" Wọ́n kọ ọ́, mọ́gàjí fọwọ́ sí i, aṣojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ka tàbí kí wọ́n kọ orúkọ wọn. (Ọkọ mi gbọ́ ní ọdún kejì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà kò sí lára ohun tí mo fẹ́ kọ síbí.) Nítorí ìwé kan ṣoṣo yẹn, kò sí ọmọ ẹbí kankan tó yọjú sí mi fún ọdún mẹ́tàlá láti sọ pé wọn kò fún òun ní tòun.

Títà rẹ̀ nìkan ló le. Láti 2017 tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà rélùwéè tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé Mọníyà ni ibùdókọ̀ ńlá yóò wà, ni owó ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń gòkè. Kí ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ni ó gòkè jù. Nígbà tí ìjọba ṣí i gan-an ní oṣù kẹfà 2021, àwọn tó fẹ́ rà ti rà tán, àwa tó fẹ́ tà ló kù. Mo nílò owó lójú méjèèjì nígbà náà, nítorí pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkọ mi, oṣù mẹ́jọ ni mo sì fi wá ẹni tí yóò rà á. Ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan. Ẹnì kejì ní àfi tí mo bá ní C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fún ni. Ẹnì kẹta mú wòlíì wá, wòlíì rìn yí ilẹ̀ náà ká pẹ̀lú agogo lọ́wọ́, ó ní ẹ̀mí ilẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n owó tí mo pè kò bá ẹ̀mí lọ. 1,200,000 ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo gba 900,000, ọkọ mi ti ṣe iṣẹ́ abẹ tán pẹ̀lú owó tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Houston, inú owó ilẹ̀ ni mo sì ti san gbèsè náà padà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Ìkòròdú. Ní 2013, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé Èkó ń bọ̀ wá bá wa ní ìta, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ ra pùlọ́ọ̀tì kan ní apá Ìmọ̀tà. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló tà á fún wa, aṣọ wọn mọ́, ọ̀rọ̀ wọn dùn, wọ́n ní ìwé àṣẹ ẹbí lọ́wọ́. N kò lọ sí ilé olórí ẹbí. Ọ̀nà jìn, mo ti ra ilẹ̀ kan rí, mo sì rò pé mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń rà á. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo débẹ̀, mo bá a tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gbàgà sára ògiri tí mo mọ dé ìdajì, pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà, wọ́n sì fi nọ́ńbà fóònù sí abẹ́ rẹ̀. Mo pe nọ́ńbà náà níbẹ̀ lórí ìdúró. Ẹni tó gbé e kò pariwo, kò sì bú mi. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Àwọn tó ta ilẹ̀ yẹn fún yín, ọmọ bàbá wa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá wa kọ́."

Gbogbo ọ̀ràn náà wà nínú gbólóhùn kan yẹn. Ìdí-igi kan ló ta ohun tó jẹ́ ti ìdí-igi mẹ́rin. Mo lọ bá lọ́yà, ó sì là mí lóye ohun tó yẹ kí n ti mọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò tuntun: láti 1921 ni ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Olóyè Àmódù Tìjání, Olúwa ti Èkó, lórí ilẹ̀ Àpápá, ẹjọ́ tí Herbert Macaulay tìtorí rẹ̀ bá a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, pé ilẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa jẹ́ ti ìlú àti ti ẹbí, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó ní láti 1959 ni ilé ẹjọ́ sì ti là á sílẹ̀ pé tí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé kò tà á rárá. Tí ó bá jẹ́ pé olórí ẹbí ló tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí yòókù, a jẹ́ pé títà náà wà, ṣùgbọ́n àwọn tó kù lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n sì dà á nù. Àwọn mẹ́ta tó ta ilẹ̀ fún mi, kò sí olórí ẹbí láàárín wọn.

Mo bi í bóyá òfin tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 lè ràn mí lọ́wọ́, èyí tí Gómìnà Ambode fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún náà, tó sọ pé ẹni tó bá fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Lọ́yà wò mí, ó ní, "Màmá, ta ni onílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí?" N kò rí èsì fún un. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ bá olórí ẹbí tòótọ́, bàbá àgbà kan tí kò lè dìde mọ́, mo kúnlẹ̀, mo sì bẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbà láti fi ọwọ́ sí ìwé tuntun bí mo bá san ìdajì iye tí mo ti san tẹ́lẹ̀. Mo san án. Mo fi pèrègún gbin igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti máa ń ṣe, nítorí pé òpó sìmẹ́ǹtì ṣeé hú lóru kan, ṣùgbọ́n pèrègún tí wọ́n gé yóò tún rú.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán síbẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé ilẹ̀ náà, mo fi àwòrán rẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ní Alausa láti mọ̀ bóyá ó wà nínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Ní Èkó, èyí ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ènìyàn béèrè, ó sì jẹ́ èyí tí mo béèrè kẹ́yìn. Ìjọba ti gba ilẹ̀ tó gbòòrò ní ọ̀pọ̀ ibi, lẹ́yìn náà ni ó máa ń yọ díẹ̀ padà fún àwọn abúlé, tí yóò sì tẹ̀ ẹ́ sínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba. Bí ilẹ̀ rẹ bá bọ́ sínú èyí tí wọ́n yọ padà, o lè sùn. Bí ó bá bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀, kò sí rìsíìtì olórí ẹbí tó lè gbà ọ́. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa bá gbogbo ará ìlú dì í mú. Nígbà tí wọ́n bá sì gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, owó ilé tàbí ti irúgbìn tó wà lórí rẹ̀ ni òfin náà ní kí wọ́n san. Fún ilẹ̀ tó wà lófìfo, kò ju owó ìyálẹ̀ tí o san fún ìjọba ní ọdún náà lọ. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, ẹ̀yin tí ẹ ra ilẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ kó máa dàgbà. Ilẹ̀ tí ẹ rò pé ó ń dàgbà, lójú òfin, òfìfo ni.

Tèmi bọ́ sínú èyí tí wọ́n yọ padà. Mo sunkún ní ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, n kò fi bò. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá ti Ìmọ̀tà ti ṣí ní oṣù kìíní 2023, àwọn alágbàtà ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ mi ti di wúrà. Mo máa ń bi wọ́n pé ta ló fẹ́ rà á lónìí, ní owó tí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn yóò padà pè mí.

Ilé nìkan ni ó ń fún mi ní ohun tí mo lè fi ọwọ́ mú. Orí ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo kọ́ ọ sí, yàrá àti pálọ̀ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ní 2014, mo parí ní 2018. Owó ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ 80,000 lọ́dọ̀ ayálégbé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ní ilé tó fi ń háyà rò pé onílé kàn ń jókòó tí owó ń wọlé ni. Ní ọdún kejì, atẹ́gùn òjò àkọ́rọ̀ ṣí páànù apá kan. Ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga jó lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo nǹkan pa ní 2020, àwọn méjì kò lè san, n kò sì lè lé wọn, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí wọn kò san owó oṣù fún. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: ọdún méjì ló fi jẹ mí ní owó, tó sì ra ọkọ̀ láàárín rẹ̀. Ọkọ̀ náà wà ní ẹnu ọ̀nà mi ní àràárọ̀. Ìwé oṣù mẹ́fà ni lọ́yà kọ fún un gẹ́gẹ́ bí ayálégbé ọdọọdún, lẹ́yìn rẹ̀ ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn rẹ̀ ilé ẹjọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí a pàdé níwájú adájọ́, a jí, a kò bá a mọ́, ó ti kó jáde lóru, ó sì yọ àwọn gílóòbù iná lọ.

Àbúrò mi ní Houston náà ti fẹ́ kọ́ irú rẹ̀. Mo sọ fún un pé kò sí ẹni tí yóò bá a wò ó bí ojú tirẹ̀, àní èmi pàápàá. Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì ń fi fọ́tò ilé ránṣẹ́ sí i títí dé orí òrùlé. Nígbà tó wálé, ilé tó wà nínú fọ́tò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń gbé inú rẹ̀, òun náà ló sì ni ín.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ ilé mi. Ní oṣù tí owó oṣù bá pẹ́, òun ló ń ra epo sí mọ́tò wa. Òun ló san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin mi ní ọdún rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ní 2024, mo gbé owó ilé lọ sí 200,000, ara mi kò yá gágá nígbà tí mo ń sọ fún wọn, nítorí pé nọ́ọ̀sì tó wà ní yàrá kejì kò jẹ mí ní kọ́bọ̀ rí. Mo tún mú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ní 2018, 80,000 rẹ̀ lè ra àpò sìmẹ́ǹtì 30 fún mi. Ní 2024 tí àpò kan ti di 8,000, 200,000 rẹ̀ kò ra ju 25 lọ. Mo fi owó kún un, síbẹ̀ ó dín kù. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì náà bẹ́ẹ̀, ó sì fèsì pé, "Mà, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì kọ́ ni wọ́n fi ń san owó oṣù tiwa náà." A jọ rẹ́rìn-ín. Mo yọ 20,000 kúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, alágbàtà kan pè mí nípa pùlọ́ọ̀tì méjì ní ojú ọ̀nà Àrúlógun. Ó ní kí n yára, owó rẹ̀ yóò gòkè kí oṣù tó parí. Mo ní kó kọ́kọ́ fi àwòrán ilẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n fi lọ wò ó ní ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ìjọba, kó sì sọ orúkọ mọ́gàjí àti iye ìdí-igi tó wà nínú ẹbí náà fún mi. Ó ní òun ń bọ̀ wá pè mí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ṣì ń retí rẹ̀.